Àbẹ̀kẹ́, mọ iye tí ẹgbẹ́ kan máa ná ọ kó o tó dá owó lé e

Ìjẹ̀bú-Òde

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ọmọ Alárè,

Mo ti wo áàpù ìwé owó ẹgbẹ́ tó o fi ránṣẹ́, láti ibi tí èèyàn ti ń kọ orúkọ títí dé ibi tí rìsíìtì ti ń jáde. Iṣẹ́ náà wù mí. Inú mi sì dùn pé àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ilé wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, lo rò ó fún, àwọn tí ìwé owó wọn ṣì wà nínú ìwé eléwé ọgọ́rin. Ṣùgbọ́n ₦5,000 lọ́dún tó o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa san, mi ò fara mọ́ ọn. O ò ṣírò rẹ̀. Ṣe lo kàn rò ó pé iye yẹn ò ní ni wọ́n lára.

Mú bébà kan, kí o ṣe ìṣirò ẹgbẹ́ kan ṣoṣo sórí rẹ̀ fún ọdún kan. Ká ní èèyàn 60 ni wọ́n, tí kálukú ń san ₦2,000 lóṣù. Áàpù rẹ ń fi SMS méjì ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, ọ̀kan láti rán an létí, ọ̀kan láti fi sọ pé owó ti wọlé. SMS 1,440 nìyẹn lọ́dún. Bó bá jẹ́ ₦6 lo ń ra ojú ewé kan, ₦8,640 ti lọ. SMS nìkan ti jẹ ₦5,000 rẹ tán, ó tún ti wọ inú àpò rẹ lọ.

Bẹ́ẹ̀ ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni mo kà yẹn o, kì í sì í ṣe ojú ewé kan ni ò ń fi ránṣẹ́. Wo ohun tó o kọ síbẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́. Owó ẹgbẹ́ oṣù kẹfà tí ẹ san, ₦2,000, ti wọlé. Ẹ ti san oṣù 6, ó ku oṣù 6. Ẹ ṣeun.” Ó dùn ún kà. Àmọ́ ojú ewé SMS ń gba lẹ́tà 160 nígbà tí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú GSM-7 (àkójọ lẹ́tà tí SMS fi ń kọ̀wé) nìkan, ẹ, ọ àti ṣ kò sì sí níbẹ̀. Bí ẹyọ kan péré bá ti yọjú nínú wọn, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sí ètò míì tí ojú ewé kan kì í ti í gbà ju 70 lọ. Bó bá tún di ojú ewé méjì, 67 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Mo ka tìrẹ, 92 ni, torí pé àmì òkè tó wà lórí ẹ́ nínú “iṣẹ́” àti “ẹgbẹ́” ń gba àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ojú ewé méjì nìyẹn fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lóṣù: ₦17,280.

Má sì rò pé o ti bọ́ bó o bá ṣí àwọn àmì kúrò tó o fi ₦ sílẹ̀. ₦ náà kò sí nínú GSM-7, òun nìkan sì tó láti sọ ọ́ di ojú ewé méjì. N lásán ni kó o kọ. Ó dùn mí láti ní kó o bọ́ àmì lára Yorùbá, ṣùgbọ́n inú SMS nìkan ni o. Lójú áàpù àti lórí rìsíìtì, kí àmì pé. Ìránnilétí ní tirẹ̀, má fi SMS ṣe é rárá. Ṣe bọ́tìnì kan tí akọ̀wé á tẹ̀, tí á gbé orúkọ àwọn tí kò tíì san lọ sí WhatsApp ẹgbẹ́. SMS tó kù á jẹ́ 720, ₦4,320 péré.

Wàyí o, ṣe ìyókù ìṣirò náà. Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá ọ gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń mú ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100, àyàfi bí owó náà kò bá tó ₦2,500, nígbà náà wọn kì í mú ₦100 yẹn. Lórí ₦5,000, wọ́n á mú ₦175. Yọ ọ́, yọ ₦4,320 ti SMS, ó ku ₦505. Bí ẹgbẹ́ náà bá ń pè ọ́ lórí fóònù fún wákàtí kan lóṣù (wọ́n á sì pè ọ́), ₦42 ni wákàtí rẹ, kó o tó san owó server (kọ̀ǹpútà tí áàpù rẹ ń gbé) tí wọ́n ń fi dọ́là gbà. Ẹni tó bá ń gba ₦42 ní wákàtí kò ní pẹ́ tí kò fi ní máa gbé fóònù mọ́. Ibẹ̀ ni áàpù ti ń kú, àwọn tó ti kó ìwé owó wọn sínú rẹ̀ ló sì máa jìyà rẹ̀ jù.

₦36,000 lọ́dún ni mo máa dá lé e fún ẹgbẹ́ tó bá tó èèyàn 60. Paystack á mú ₦640, SMS á mú ₦4,320, ó ku ₦31,040. Bó o bá gbà á lóṣooṣù ní ₦3,000, ₦145 ni wọ́n á máa mú lẹ́ẹ̀mejìlá, ìyẹn ₦1,740. Owó yẹn kọ́ ló tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé akápò á ní láti béèrè àṣẹ lọ́wọ́ ìpàdé lẹ́ẹ̀mejìlá lọ́dún, oṣù tí ìpàdé ò bá sì wáyé, o ò ní rí nǹkan gbà. Ọdọọdún ni kó o gbà á, nípa tíránsífà. Nígbà tí akápò bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ìpàdé, kọ́ ọ ní bó ṣe máa sọ ọ́: ₦50 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù.

Àmọ́ má dá a lé iye orí. Bó o bá ń gba owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ orúkọ àwọn tó wà lókè òkun àti àwọn olóògbé kúrò, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá á sì bá a lọ. Pín in sí ìpele: ẹgbẹ́ tí kò ju 75 lọ, èyí tí kò ju 150 lọ, àti èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nípa ìgbà tí owó ọdún máa wọlé, má fi January ṣe é. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Ní 2024 ó bọ́ sí ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, ní 2025 ó bọ́ sí ọjọ́ 8, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 yá ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún. Bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, aṣọ, ẹṣin àti oúnjẹ ló wà lọ́kàn gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lóhùn. Bí oṣù méjì bá ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀, akápò á máa múra láti ka ìṣirò síta fún ẹgbẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ló máa rí ohun tí áàpù rẹ ń ṣe fún un. Fi ìgbà yẹn ṣe ìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Owó ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, má jẹ́ kó gba inú àkáǹtì rẹ kọjá láé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọ́jú owó olówó, òfin báńkì ló ń bójú tó o. Ṣí subaccount (àkáǹtì kékeré lábẹ́ àkáǹtì Paystack rẹ) fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí owó máa lọ tààrà sí báńkì tiwọn. Lórí ₦2,000 kọ̀ọ̀kan, ₦30 ni Paystack á mú, èyí tó jẹ́ ₦21,600 lọ́dún fún èèyàn 60. Ẹgbẹ́ ni kó ru ú tàbí ẹni tó ń sanwó. Kí wọ́n fẹnu kò lé e lọ́jọ́ tí wọ́n bá forúkọ sílẹ̀, kó má di ìjà lẹ́yìn náà.

Àwọn àléébù kan wà tí mo rí. Kọ́bọ̀ ni kó o fi tọ́jú gbogbo owó, ní odindi nọ́ńbà. Kọ́bọ̀ náà ni Paystack ń kà, nítorí náà bó o bá rán 36000 sí wọn, ₦360 ni wọ́n máa gbà. Wọ́n lè kàn sí server rẹ lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà. Fi reference, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ owó kọ̀ọ̀kan, mọ̀ ọ́n, kó o má baà kọ owó kan ní méjì. Aago server rẹ wà lórí UTC (aago àjùmọ̀lò àgbáyé), aago tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó sanwó ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú lóru ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, oṣù kẹjọ ni ìwé rẹ kọ ọ́ sí, ẹni tó pẹ́ á wá dà bí ẹni tó tètè san, ìtanràn rẹ̀ á sì ti sọnù.

Orúkọ náà ń dàrú. O fi oyè pọ̀ mọ́ orúkọ, gbogbo Alhaja ló wá kóra jọ sábẹ́ A, gbogbo Ọ̀túnba sábẹ́ O. Fún oyè ní àyè tirẹ̀. Tí akọ̀wé bá sì tẹ “Adebowale” láìsí àmì, kó rí Adébọ̀wálé. Sọ orúkọ di NFD (ìkọ̀wé tó ń ya àmì sọ́tọ̀ kúrò lára lẹ́tà), kó o yọ àwọn àmì kúrò kó o tó wá a. Bọ́tìnì ìparẹ́ yẹn ńkọ́? Yọ ọ́ kúrò pátápátá. Bí akápò bá kọ ₦20,000 dípò ₦2,000, kó kọ ìlà míì tó máa dá a padà, kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìjà owó ẹgbẹ́ kì í parí láìsí ẹ̀rí.

Kí àkáǹtì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní olórí méjì, ó kéré tán. Bí wọ́n bá yan akápò tuntun, tí ti àná sì ń bínú, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ nìkan kò gbọdọ̀ jẹ́ kọ́kọ́rọ́ ilé.

Má tíì gbé e lọ sí Google Play. $25 ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n wọ́n á ní kó o kó èèyàn 12 jọ tí wọ́n á dán an wò fún ọjọ́ 14 láìdáwọ́dúró. Líǹkì lórí WhatsApp ti tó ọ báyìí.

Lọ bá akápò kan, gbé fóònù lé e lọ́wọ́, ní kó kọ owó ẹni mẹ́ta sílẹ̀. Má fọwọ́ kàn án, má sọ̀rọ̀. Ibi tí ìka rẹ̀ bá ti dúró ni kó o kọ sílẹ̀. Kó o sì fi ìṣirò tuntun náà ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ Àìkú tó dé, pẹ̀lú owó server nínú rẹ̀.

Gbogbo ilé ń kí ọ.

Ìyá rẹ