Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: tòmátì dà nínú agbọ̀n?

Ẹ̀yin oníbàárà wa tí à ń gbé agbọ̀n oúnjẹ ránṣẹ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìbẹ́jú, títí dé Ṣàngótẹ̀dó àti Ajah, ẹ kú òjò o, ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. A kí yín, a kí àwọn ará ilé.

Láti ìgbà tí oṣù Keje ti wọlé ni àwọn kan nínú yín ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ìbéèrè náà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni gbogbo wọn forí lé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, tòmátì dà?” Àwọn kan tilẹ̀ fi kún un pé owó tí àwọn ń san kò dínkù, kí ló wá dé tí ewé fi kún agbọ̀n dé ẹnu tí ohun pupa kò sì sí níbẹ̀. Inú kò bí wa sí i rárá. Ẹni tó bá fowó sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí wọ́n fi owó rẹ̀ rà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí: iye owó agbọ̀n kò ní yí títí òjò yóò fi dá. Nǹkan inú rẹ̀ ni yóò máa yí, ọjà ni yóò sì máa bá wa yàn án. A kò ní máa wá tòmátì kiri ní tipátipá mọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ńṣe ni a ń fi ewé bo owó yín mọ́lẹ̀.

Òkè Ọya ni èyí tó pọ̀ jù nínú tòmátì tí à ń jẹ ní Èkó ti ń wá, láti Kánò, Kàdúná, Kàtsínà àti agbègbè ibẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbìn ín púpọ̀ níbẹ̀, tí wọ́n á máa fi omi odò àti omi ìsédò bomi rin ín. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti bí oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, ńṣe ló máa ń ya wọ ọjà Mile 12 tí ọwọ́ gbogbo ènìyàn á sì tó o. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí tọ̀hún sì ti tán lóko, èyí tó kù á wọ́n bí ojú. Láti Kánò dé Èkó tó bí 1,000 kìlómítà, inú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tò léra wọn ni tòmátì yẹn sì jókòó sí jálẹ̀ ọ̀nà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti di ọbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ sè é. Ẹ ó rántí ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Tuta absoluta wọ oko tòmátì, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná fi kéde pàjáwìrì ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, tí àwọn ènìyàn sì ń pe àrùn náà ní Ẹ̀bólà tòmátì. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ẹni tó bá ra tòmátì lásìkò yìí ti ra epo ọkọ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mi ò bá àwọn àgbà jiyàn. Ṣùgbọ́n owó tí a bá ná sórí ohun tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá kì í dé inú ọbẹ̀, ọwọ́ onímọ́tò ló ń bọ́ sí. Tí mo bá ní kí n fi tòmátì kún agbọ̀n yín ní oṣù yìí, ó lè gbé ìdajì owó náà lọ, ẹ̀fọ́ díẹ̀ àti ata díẹ̀ ló sì máa kù tí ẹ ó fi ìyókù ọ̀sẹ̀ jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nílẹ̀ níhìn-ín báyìí kò kéré. Òjò tó ń lé tòmátì lọ náà ló ń lé nǹkan mìíràn jáde. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ebòlò, ewédú, ilá, gbogbo wọn ló ń bọ̀ láti oko àwọn àgbẹ̀ tí kò jìnnà sí wa, tí ìrì sì ṣì máa ń wà lára wọn tí a bá dé ọjà ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ẹtì. Àgbàdo tútù wà. Iṣu titun ti ń yọjú. Ìgbín náà ti jáde, nítorí pé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn ńṣe ló máa ń sá pamọ́ tí á fi nǹkan funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀, àwọn tó ń wá a kì í sì í rí i bọ̀rọ̀. Ti ẹja, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọjà Olúwo kò nílò kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn rẹ̀ fún ará Ẹ̀pẹ́.

Mo mọ̀ pé ìṣòro tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé ẹ kò fẹ́ ẹ̀fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ni kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ebòlò ṣe, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó jẹ́ pé ṣọkọ àti ugu nìkan ni ẹ ń rí ní ilé oúnjẹ. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a lọ sí ìdí ààrò.

Gbúre ni ẹ kọ́kọ́ ń ráhùn lé lórí, pé ọbẹ̀ ń ṣomi. Òótọ́ ni, omi ló kún inú ewé yẹn. Ẹ má fi ìkán omi kan sí i. Ẹ rẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú ìkòkò gbígbóná lásán, ẹ rò ó títí tí yóò fi rọ, kí ẹ gbé e sínú ajọ̀ kí ẹ sì fún omi rẹ̀ dànù. Ata ni kí ẹ wá sè lọ́tọ̀: ata rodo, tàtàsé díẹ̀, àlùbọ́sà tó pọ̀. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sè é gbẹ kí ẹ tó da epo pupa lé e. Ibẹ̀ gan-an ni àìsí tòmátì kò ti ní ṣe yín ní nǹkan kan, nítorí àlùbọ́sà ló máa fún ọbẹ̀ ní ara àti adùn, kíkan tòmátì kò sì ní sí níbẹ̀ tí ẹ ó fi máa wá nǹkan tí ẹ ó fi pa á. Ẹ fi irú wooro sí i, edé, ẹja gbígbẹ. Tí epo bá ti yọ sókè, ẹ da gbúre àti ṣọkọ sí i papọ̀, ẹ rò ó, kí ẹ sì tètè sọ ọ́ kalẹ̀. Lójú tèmi, ẹ̀fọ́ rírò kò fìgbà kan nílò tòmátì. Àwa ti ayé ìsinsìnyí ni a kó o wọ inú rẹ̀.

Ebòlò ní òórùn tirẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ fún un, kí ẹ fi rò bí ẹ ṣe rò ti òkè yẹn. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyán lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ ti tán.

Àgbàdo ni kí ẹ fi etí sí jù. Kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti ya á lórí igi ni ṣúgà inú rẹ̀ ti ń yí padà sí sítáàṣì, ìdí nìyẹn tí èyí tí ẹ sè lọ́jọ́ tó kúrò lóko fi ń dùn tí ti ọjọ́ kẹta kò fi ní dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, iyọ̀ yòówù kí ẹ dà sí i. Alẹ́ ọjọ́ tí agbọ̀n bá dé ni kí ẹ gbé e kaná. Ẹ bó èèpo òde, ẹ fi ti inú sílẹ̀ lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní àgbọn nílé, tó sì jẹ́ àgbọn Àgbádárìgì, kí ó jẹ ẹ́ mọ́ ọn, kí ó máa dúpẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ àdàlú, ẹ̀wà ni kí ó kọ́kọ́ lọ sórí iná, kí ó dé ìdajì ọ̀nà kí ẹ tó kó àgbàdo sí i, àyàfi tí àgbàdo náà bá ti gbó. Èyí tó bá gbó díẹ̀ ni ó dára jù fún ṣàpàlà: ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, ẹ fi epo pupa àti iyọ̀ pò ó, kí ẹ pọ́n ọn sínú ewé bí ẹni pọ́n mọ́ínmọ́ín. Kí omi má pọ̀ nínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dì.

Iṣu titun, omi pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ fi se àsáró, tàbí kí ẹ sun ún kí ẹ fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ní iyán ni òun ó fi gún, kí ó ní sùúrù kí iṣu náà gbó díẹ̀ sí i, tàbí kí ó wá iṣu ọdún tó kọjá rà. Kí ẹ má wá pè wá ní ọjọ́ Àìkú pé iyán ń fà bí ẹ̀kọ.

Ní ti ẹja, a máa ń gbé àrọ̀ tàbí ẹ̀pìyà sínú agbọ̀n ńlá, nígbà mìíràn ọ̀bọ̀kún tí a bá bá a pàdé ní owó tó dáa. Ẹ fi iyọ̀ fọ àrọ̀ kí ohun tó ń yọ̀ lára rẹ̀ lè lọ. Ata rodo, àlùbọ́sà, epo pupa, ewé ẹfinrin tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbogbo ilé lásìkò òjò yìí, ìyẹn tó. Tí ẹja bá ti wọ inú ọbẹ̀, ẹ má fi síbí rò ó mọ́. Ẹ di ìkòkò mú kí ẹ mì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ egungun ni ẹ ó máa ṣà lẹ́nu ọmọ. Ìgbín, ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí álọ́ọ̀mù fọ̀ ọ́ títí yíyọ̀ rẹ̀ fi máa tán.

Àwọn kan nínú yín sọ pé àwọn fẹ́ máa lọ sọ́jà fúnra wọn nígbà mìíràn. Ẹ lọ, a ò bínú, a tilẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè jí ṣá, torí ẹ̀fọ́ tí oòrùn bá ti pa kì í padà sípò. Tí ẹ bá ń ra ilá, ẹ fi àtàńpàkò ṣẹ́ ìdí rẹ̀ tó mú ṣónṣó. Tó bá ṣẹ́ pàù, ẹ rà á, tó bá ń tẹ̀ tí kò ṣẹ́, ó ti kó nìyẹn. Ti àgbàdo, ẹ ya èèpo rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi èékánná tẹ ọmọ rẹ̀ kan: omi funfun ni kí ó tú jáde. Ẹ bẹ ìyá náà kí ẹ tó ya á o, kí wọ́n má baà pariwo lé yín lórí. Ẹja tó bá ti kú, ẹ wo ojú rẹ̀ bóyá ó mọ́, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ wò bóyá inú ibẹ̀ pupa, ẹ fi ìka tẹ ara rẹ̀ bóyá yóò padà. Olú, ọ̀dọ̀ ẹni tó ti ń tà á tipẹ́ nìkan ni kí ẹ ti rà á. Kí ẹnikẹ́ni má lọ ṣa èyí tó rí lẹ́yìn ilé.

Ẹ ná ọjà, ìyẹn kò burú, kí ẹ sì gba ẹ̀ẹ̀nì. Àmọ́ ìyá tó fi orí ru ẹ̀fọ́ wá láti oko nínú ẹrẹ̀, tí ìdì rẹ̀ kò ju owó bisikíìtì lọ, ẹ má bá a fa ọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Agbára nájànájà yẹn, ẹ gbé e lọ sí ìsọ̀ àwọn alájàpá tó ń ra nǹkan ní ọ̀pọ̀.

Tí òjò bá dá díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, àwọn àgbẹ̀ á tún gbin àgbàdo kejì, èyí tó máa dé ní ìparí ọdún. Lẹ́yìn tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá wọlé, láti àkùrọ̀ ni ẹ̀fọ́ á ti máa wá, omi ni wọ́n á máa pọn sí i, nítorí náà ìdì á kéré sí ti ìsinsìnyí. Ewùrà á dé, ìkọ́kọrẹ́ á sì padà sórí tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí ní àgbálùmọ̀ nínú òjò yìí, ẹ fọwọ́ lérán títí di oṣù Kejìlá. Tòmátì náà ń bọ̀ ní oṣù Kìíní, nígbà náà ni a ó fi dí agbọ̀n yín, tí ẹ ó sì lè sè é gbẹ kí ẹ fi pamọ́.

Ẹni tí kì í jẹ ìgbín tàbí ebòlò, kí ó sọ fún wa kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó ṣú, a ó fi nǹkan mìíràn dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ní òde, tó jẹ́ pé jọ̀lọ́ọ̀fù ni yóò sè, tí tòmátì kò sì gbọ́dọ̀ má sí, a ó bá a rà á lọ́tọ̀ ní iye tí a bá bá a lọ́jà, owó ọkọ̀ nìkan la ó fi lé e. Ẹ dákun, ẹ máa kó àwọn agbọ̀n òfìfo fún ọmọ tó ń gbé ẹrù wá, nítorí àwọn tó wà lọ́wọ́ wa ti ń dínkù.

Tiyín ni tòótọ́,
Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù, Ẹ̀pẹ́