Tíṣà máàsì tó ní dìgírì, tí kò lè dáhùn ìbéèrè ọmọ ọdún 15

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àríyànjiyàn tó ń lọ lórí irú dìgírì tó yẹ kẹ́ni tó fẹ́ di tíṣà máàsì ní sẹ́kọ́ńdírì ní, èmi náà fẹ́ dá sí i. Àwọn kan ní kó lọ ka máàsì pọ́ńbélé, gbogbo ẹ̀ porogodo, bíi ẹni tó fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Àwọn tó kù ní kí ló fẹ́ fi real analysis, máàsì yunifásítì tó ń tú ìdí calculus, ṣe nígbà tó jẹ́ pé quadratic equation ló ń lọ kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ọ̀yàn, ó parí. Ìjà yìí ti pẹ́ láyé o. Felix Klein, àgbà onímáàsì ará Jámánì, ti ń pariwo ẹ̀ láti nǹkan bíi 1908. Ó ní téèyàn bá wọ yunifásítì, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀ kì í jọ ohun tó kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì rárá, á gbàgbé tàtijọ́. Tó bá wá ṣe tán tó di tíṣà, bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nígbà tó wà lọ́mọdé lá ṣe máa kọ́ni, ti yunifásítì á di ìrántí lásán. Ẹ̀ẹ̀mejì lokùn já.

Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ọmọ kan nawọ́ sókè ní kíláàsì, ó ní kí ló dé tí máínọ́ọ̀sì táìmsì máínọ́ọ̀sì fi di plọ́ọ̀sì? Ọ̀pọ̀ tíṣà tí dìgírì ẹ̀ ò kéré ni yóò ní "bí òfin ẹ̀ ṣe rí nìyẹn, ṣáà há a sórí." Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò le. Tá a bá ro 1 àti -1 pọ̀, òdo ni. Ohunkóhun táìmsì òdo, òdo náà ni, torí náà -1 táìmsì (1 + -1) gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Ẹ wá tú bírákẹ́ẹ̀tì yẹn: -1 táìmsì 1 jẹ́ -1, ó ku -1 táìmsì -1, òun ló sì gbọ́dọ̀ pa -1 àkọ́kọ́ yẹn rẹ́ kí òdo tó lè jáde. Kí ló ń pa -1 rẹ́? 1 ni. Irú òfin yìí gan-an ló kún inú kọ́ọ̀sì abstract algebra, máàsì yunifásítì tó ń wá ìdí àwọn òfin ìṣirò, ẹni tó fẹ́ di tíṣà á jókòó tì í odidi sẹ́mẹ́sítà, á yege, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ìdáhùn ọmọ yẹn ló kọ́ yẹn!

Ẹ má sì rò pé kí ìwé ṣáà ti pọ̀ ló máa yanjú ẹ̀. Liping Ma, olùwádìí kan nípa ẹ̀kọ́ máàsì, bi àwọn tíṣà pírámárì ní Amẹ́ríkà àti Ṣáínà pé kí wọ́n wá ìtàn tó bá 1¾ ÷ ½ mu, ìwádìí yẹn jáde ní 1999. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní dìgírì o, ìtàn pé ká pín nǹkan sọ́nà méjì ni wọ́n mú wá, ìyẹn sì ni ÷ 2, nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ìbéèrè ń wá ni pé ààbọ̀ mélòó ló wà nínú ẹ̀, mẹ́ta àti ààbọ̀. Àwọn ará Ṣáínà tí wọn ò kàwé tó wọn, púpọ̀ nínú wọn ló gbà á.

Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má fi èyí gé máàsì kúrò o! Ẹni tí kò mọ nǹkan, ọgbọ́n ìkọ́ni kankan ò lè bá a bò ó. Ohun tí èmi fara mọ́ ni èyí tí CBMS, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ onímáàsì Amẹ́ríkà pọ̀, sọ ní 2012, pé kí tíṣà sẹ́kọ́ńdírì ka máàsì tó tó dìgírì máàsì, ṣùgbọ́n kí kọ́ọ̀sì mẹ́ta nínú ẹ̀ jẹ́ máàsì sẹ́kọ́ńdírì fúnra ẹ̀, kí wọ́n máa fi ojú ìmọ̀ yunifásítì wò ó. Mẹ́ta péré.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ta ló máa kọ́ ọ? Dípátímẹ́ǹtì máàsì á ní nǹkan ọmọdé ni, àwọn ò fi àkókò àwọn ṣòfò, ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ni á ní máàsì nìyẹn, kì í ṣe tàwọn, kọ́ọ̀sì á wá di ọmọ òrukàn láàárín wọn. Tó bá wá di ìgbà teaching practice, ẹni tó wá wo akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á wo lẹ́sìn nóòtì, á wo aṣọ tó wọ̀, á wo bó ṣe kọ déètì sójú bọ́ọ̀dù (déètì ṣe pàtàkì gan-an fún wọn, mi ò mọ̀dí ẹ̀), àmọ́ máàsì tó kọ́ lódì, kò ní rí i, torí òun fúnra ẹ̀ ò ka máàsì. Kí wọ́n máa rán èèyàn méjì lọ, kí ọ̀kan wá láti dípátímẹ́ǹtì máàsì, kó sì lẹ́nu nínú máàkì.

Tí wọ́n bá ní àyè ò sí nínú ọdún mẹ́rin, kí wọ́n yọ mẹ́ta nínú àwọn kọ́ọ̀sì àṣàyàn. Kí wọ́n má kàn fi ọdún kan kún un, torí ọdún karùn-ún tí wọ́n bá tún fi kọ́ nǹkan tó jìnnà sí kíláàsì, bákan náà ló máa já sí.

Èmi ni,
Tíṣà máàsì kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín.