Lẹ́tà sí ìyá àgbà mi, lẹ́yìn tí mo ti Kùmásì dé

Ìyá Àgbà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ṣé orúnkún ń gbọ́ oògùn? Mo mọ̀ pé àbúrò mi ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má fo ibì kankan.

Mo ti dé. Ọjọ́ méjìlá ni mo lò lọ́nà. Mo gba Benin kọjá, mo gba Tógò kọjá, mo dé Gáná, òru mẹ́rin gbáko ni mo sì sùn ní Kùmásì. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí n lọ. Láti kékeré wa, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Gáná lójú yín, "ọ̀nà yẹn ti dí" lẹ máa ń wí, ẹ ó sì dìde lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kan náà lẹ máa ń ka ẹyin fún oníbàárà ní èdè Twi ará Kùmásì, baako, mmienu, mmiɛnsa, láìfura. Mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, màá máa bá yín kà á lọ́kàn. Ibẹ̀ ni ìrìnàjò yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 2016 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ fún un. Nígbà náà, 1,000 sẹ́fà, owó tí wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, kò tó 700 náírà. Mo ní bí mo bá ti rán aṣọ ọdún Kérésì méjì, ó parí, màá gbéra. Wọ́n wá ti ibodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, kòrónà tẹ̀lé e, ó di ìparí ọdún 2020 kí wọ́n tó ṣí i padà. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni wọ́n tú náírà sílẹ̀, owó tí mo ti kó jọ sì ń yọ́ lójú mi bí òrí tó rí oòrùn. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ńjì ní Sẹ̀mẹ̀, 1,000 sẹ́fà ti lé ní 2,500 náírà. Mo ka owó mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkùnrin náà má bàa rí omijé mi. Lẹ́yìn náà mo so èyí tó kù mọ́ ìdí, mo wọ ọkọ̀.

Láti Èkó dé Accra kò tó 500 kìlómítà, Ìyá. Àbújá jìnnà sí Èkó jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ Gáná bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkè òkun, itòsí ló wà. Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Ìwé mi pé. Mo mú páspọ́ọ̀tù ECOWAS, mo mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Láti ọdún 1979 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ilẹ̀ ECOWAS lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́. Síbẹ̀, lẹ́nu ibodè kan, ọkùnrin kan di páspọ́ọ̀tù mi mú, ó ní kí n mú nǹkan wá. Mo bá a jiyàn títí awakọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Mo san án. Ó ṣì ń bí mi nínú títí di ìsinsìnyí, mo sì ń sọ ọ́ nítorí pé ẹ ní kí n má fi ohunkóhun pamọ́ fún yín.

Àjàṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ sùn sí, ìlú tí wọ́n kọ sórí máàpù ní Porto-Novo. Ẹ̀rù àìgbọ́ Faransé ti ń bà mí láti ilé, àfi bí obìnrin elẹ́kọ ẹ̀bá ọ̀nà ṣe kí mi pé "ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn." Yorùbá rẹ̀ jọ ti ará Kétu, ó ń dún bí orin. Ó fi ẹ̀kọ kan lé e fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Mo rí mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà, ìran àwọn tó padà láti Brazil, kọ́ síbẹ̀. Bí a bá wò ó lójú, ṣọ́ọ̀ṣì ará Brazil ni yóò pè ara rẹ̀: ilé gogoro méjì níwájú, àwọ̀ lóríṣiríṣi. Mo dúró wò ó títí oòrùn fi wọ̀. Kútọnu ní tirẹ̀, mo sáré gbà á kọjá lórí zemidjan, ọ̀kadà tiwọn. Ní èdè Fọ̀n, wọ́n ní ìtumọ̀ orúkọ náà ni "gbé mi kíákíá," bó sì ṣe gbé mi nìyẹn.

Lómé mọ́ tónítóní létí òkun, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Aflao, ẹnu ibodè Gáná, ni mo ń retí.

Ẹ kò sọ fún wa rí. Bàbá mi ló sọ fún mi, ohun tí òun náà gbọ́ lẹ́nu Bàbá Àgbà. Ó ní ní 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gáná, tí kò tíì lo oṣù méjì lórí àléfà, fún gbogbo àlejò tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbàwé tàbí kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ó ní ẹ ta wọ́sìwọ́sì yín ní ìdákúdàá, ẹ fi gbèsè àwọn oníbàárà sílẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ ìránṣọ yín sọ́dọ̀ obìnrin Àṣàǹtí tó ń gbé òdìkejì. Ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni òun, ẹ̀yìn yín ni òun wà, ẹ sì sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Aflao lóru méjì.

Mo dúró síbẹ̀, Ìyá. Ògiri Lómé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ibodè, bí èèyàn bá sọ òkò láti Tógò, Gáná ni yóò bọ́ sí. Àwọn obìnrin ẹ̀yà Ewe ń ru ẹrù lọ, wọ́n ń ru ẹrù bọ̀, ìbátan wọn wà lápá méjèèjì. Mo wo ilẹ̀ níbẹ̀. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ kejì tí bàbá mi sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, nígbà tí ìjọba Shagari náà lé àwọn ará Gáná kúrò nílẹ̀ wa, tí àwọn èèyàn ń kó aṣọ sínú àpò tí gbogbo wa ń pè ní Ghana Must Go títí dòní, ẹ bu gàrí, ẹ san owó ọkọ̀ fún tíṣà ọmọ Gáná tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹ wọlé, ẹ tilẹ̀kùn, ẹ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. N kò mọ ohun tí ẹ ń rò nígbà yẹn. Aflao ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Ní Accra, mo wá àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Lagos Town nígbà ayé yín dé. Accra New Town ló ń jẹ́ báyìí. Mo jẹ wáákyé, ìrẹsì òun ẹ̀wà tí wọ́n fi ewé dì, mo jẹ koose, tó jẹ́ àkàrà tiwa gan-an, mo wọ bọ́ọ̀sì òru lọ sí Kùmásì kí n má bàa san owó ilé tí màá sùn.

Wọ́n ti tún ọjà Kejetia kọ́, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Mo kí ìyá arúgbó kan tó ń ta aṣọ ní èdè Twi tí mo jí kọ́ lọ́dọ̀ yín. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló kọ́ mi ní Twi àwọn àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Mo ní ìyá àgbà mi ni. Ó bi mí ìlú yín. Nígbà tí mo sọ fún un, ó dákẹ́, ó wá ní ọmọdé ni òun nígbà tí ẹ lọ, àwọn ará ìta wọn kò sì mọ ibi tí wọn yóò ti máa ra abẹ́rẹ́ àti òwú mọ́. Ó ní kí n bá òun kí yín. Mo ti jíṣẹ́.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ilẹ̀ Gáná. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn kan. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ màmá kan tí wọ́n bí sí Kùmásì, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará ilé wa. Yorùbá rẹ̀ dà bí tiyín, bí ẹni pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí láti àádọ́ta ọdún. Ọkọ̀ ilẹ̀ ló ń pe bọ́ọ̀sì. Ó ń ka owó ní tọ́rọ́ àti sísì. Ó dì mọ́ mi, kò fẹ́ jẹ́ kí n lọ. Òun ló fún mi ní ọṣẹ dúdú tí mo ń mú bọ̀ fún yín. Alata samina ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n ń pe àwa tí a ti ìhà ìlà-oòrùn wá. Wọ́n lé yín, ṣùgbọ́n wọn kò yí orúkọ ọṣẹ náà padà.

Òun náà ló bá mi rìn dé ìta tí ẹ júwe fún bàbá mi. Ilé alámọ̀ náà kò sí mọ́, ilé ìtajà alájà méjì ló wà níbẹ̀. Mo béèrè ìyá Àṣàǹtí tí ẹ fi ẹ̀rọ sí lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ ní igi máńgòrò kan wà lẹ́nu ọ̀nà yín. Mẹ́ta ni mo bá ní ìta náà, gbogbo wọn ló ti gbó. Mo ya wọ́n ní fọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ti ní kí wọ́n bá mi tẹ̀ wọ́n tóbi kí ojú yín lè rí wọn dáadáa. Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ó nàka sí èyí tó jẹ́ tiwa.

Ọmọ ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́