Ẹja Tobí ti ṣẹ́ ku mẹ́ta

Kàbà,
Alẹ́ Sátidé.

Ìyá Tobí ọ̀rẹ́ mi,

Okun o! Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé o ṣì ń wọ ẹ̀wù mẹ́rin léra bí àlùbọ́sà? Gbogbo wa wà dáadáa, àfi Ọ̀gá. Ọ̀gá ti kú. Ẹja pupa onírù gígùn yẹn. Má tíì sọ fún Tobí.

Èmi ni mo pa á. Fóòmù inú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi inú àpótí gíláàsì wọn ti dúdú, ni mo bá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo da gbogbo omi nù, mo fọ òkúta wẹ́wẹ́ títí ó fi ń dán, inú mi ń dùn bí ẹni fọ aṣọ ọdún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, omi ti ṣú bí omi ògì, àwọn ẹja ń yanu lókè omi. Ilẹ̀ mọ́, Ọ̀gá ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ọmọkùnrin tó ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìn ilé wa fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ó ní yàtọ̀ sí ọṣẹ, ìdọ̀tí tí mo fọ̀ nù yẹn gan-an ló ń dá ẹ̀mí wọn sí. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí ló ń gbé inú fóòmù àti òkúta, àwọn ló ń pa oró amóníà tó ń ti ara ẹja àti ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, ó sì ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tún pọ̀. Ta ló mọ̀!

Ní báyìí, omi tí mo bá bù jáde níbẹ̀ náà ni mo fi ń ṣan fóòmù. Ìdá kan nínú mẹ́rin omi ni mo ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀, omi ẹ̀rọ á sì ti wà nínú bàsíà láìdé fún ọjọ́ kan kí chlorine, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, lè fò lọ. Oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ni mo ń fún wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń wò mí bí ọmọ tí wọn ò fún lẹ́ran. Àbúrò mi tó ń gbin ìrẹsì ní Ejiba bá mi mú ojúoró wá. Mo kọ́kọ́ fi í sínú garawa lọ́tọ̀ ná, nítorí eṣúṣú. Ó ti ta gbòǹgbò bí irùngbọ̀n bàbá àgbà, ohun tó ń ba omi jẹ́ lòun fi ń ṣe ajílẹ̀. Tí NÉPÀ bá mú iná lọ, ife ni mo fi ń bu omi náà, tí mo ń dà á padà láti òkè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Ọkọ mi ní òun ò rí obìnrin tó ń jí lóru nítorí ẹja tí a ò ní fi sebẹ̀ rí.

Fúnkẹ́ bí ìbejì. Ilé yín ti dé líńtẹ̀. Epo tún ti wọ́n.

Màmá rẹ ń wá lálaalẹ́. Wọ́n á fa àga sún mọ́ gíláàsì, wọ́n á ní, "Tobí, jẹun." Mo kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwọn fúnra wọn kì í jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé síwájú wọn tán mọ́. Lọ́jọ́ tí Ọ̀gá kú, wọ́n bi mí bóyá mo ti sọ fún ọ. Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Má sọ. Wọ́n á ní kò sí nǹkan táwọn ń torí rẹ̀ bọ̀ wálé mọ́."

Ìyá Tobí, owó ń wọlé lóṣooṣù, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, pè wọ́n. Má fi ohùn ránṣẹ́ o, pè wọ́n kí ẹ jọ rí ojú ara yín, kí Tobí sì wà níbẹ̀. Aago méje alẹ́ ibí, iwájú ẹja ni wọ́n máa wà. Èmi ni màá bá wọn di fóònù mú.

Èmi ni,
Ìyá Ṣeun