Káàdì Tí O Ní Kí N Bá Ọ Rà

Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Àjàní, ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé òtútù Kánádà ti mọ́ wọn lára? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òjò ọdún yìí ò tíì fẹ́ lọ, ẹrẹ̀ Arákalẹ̀ sì ti ba bàtà mi jẹ́ nítorí iṣẹ́ tí o rán mi. N ó gba owó bàtà lọ́wọ́ rẹ, má rò pé mo ń ṣàwàdà.

Mo ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Mẹ́mọ́rì káàdì ti wà nínú Switch, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù Nintendo tí o fi ránṣẹ́ sí ọmọ àbúrò rẹ ní Òkè Àró, ó sì ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ 128GB ni mo rà, kì í ṣe 512GB tí o ní kí n rà. Má tíì pè mí ní ahun. Fara balẹ̀ ka ìyókù.

Ní Sátidé, mo gba ojú ọ̀nà Ọba Adésídà lọ, níbi tí àwọn tó ń ta fóònù tò sí. Mo sọ fún ọmọkùnrin kan pé mo fẹ́ mẹ́mọ́rì káàdì fún gẹ́ẹ̀mù. Kò tilẹ̀ bi mí pé gẹ́ẹ̀mù wo. Ó na ọwọ́ sábẹ́ gíláàsì, ó yọ ọ̀kan jáde: 512GB, ẹgbẹ̀rún méje náírà. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ ò bá kúkú mú 1TB, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ni n ó gbà lọ́wọ́ yín." Ṣé o rí i? Àyè di ìlọ́po méjì, owó fi ẹgbẹ̀rún méjì péré lé sí i! Ojú ẹsẹ̀ ni ara fu mí. Mo gba 512GB náà, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Lára páálí rẹ̀, lẹ́tà orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti sún mọ́ra jù, pupa tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ti ṣàn wọ inú funfun díẹ̀. Mo yí káàdì fúnra rẹ̀ padà. Ibi tó yẹ kí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí ń dán gbinrin, kò sí ohunkóhun níbẹ̀.

Mo ní mo fẹ́ dán an wò nílé kí n tó gbà pé mo rà á. Ó kọ́kọ́ rojú, àmọ́ ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dá sí i. Màmá ní, "Gba owó lọ́wọ́ bọ̀dá. Tí kò bá dáa, kí wọ́n mú un padà ní Mọ́ńdè. Èmi ni ẹlẹ́rìí." Ọlọ́run ló fi obìnrin yẹn síbẹ̀.

Mo kì í bọ inú láptọ́ọ̀pù mi. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní H2testw, ọ̀fẹ́ ni. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń lo Linux tàbí tó jẹ́ Mac, F3 ni wọ́n máa ń lò. Ohun tó ń ṣe kò le. Á kọ fáìlì lẹ́yìn fáìlì sórí káàdì títí yóò fi kún, á wá padà bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ohun tó kọ náà ló bá níbẹ̀. Láti alẹ́ Sátidé ló ti bẹ̀rẹ̀. Iná lọ, íńfátà gbà á. Ìyàwó mi ń bi mí bóyá nítorí gẹ́ẹ̀mù ọmọ ọlọ́mọ la ò fi ní tan fáànù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ló tó sọ tẹnu rẹ̀. Ohun tó lé díẹ̀ ní 30GB pé pérépéré. Gbogbo ìyókù, pàǹtírí ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé ohun kékeré kan wà nínú káàdì tó máa ń sọ fún ẹ̀rọ pé "báyìí ni mo ṣe tóbi tó". Ìyẹn ni wọ́n ń kọ́ ní irọ́. Ibi ìpamọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò ju 32GB lọ, àmọ́ á ní 512 ni. Ẹ̀rọ á gbà á gbọ́, á máa kó ẹrù sí i. Kò ní pariwo nígbà tó bá kún; o ṣì máa rí orúkọ gẹ́ẹ̀mù lójú ẹ̀rọ, ọjọ́ tí ọmọ bá tẹ̀ ẹ́ ni kò ní ṣí. Kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú ni, Àjàní. Ẹni tó bá ń wo ẹnu kóńgò kò lè mọ̀.

Nígbà tí mo mú un padà ní Mọ́ńdè, ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé láptọ́ọ̀pù mi ni kò dáa. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó parí rẹ̀. Owó pé.

Mo wá lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń kọ rìsíìtì lójú ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, mo ra 128GB níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ayédèrú yẹn. Mo dán òun náà wò, ó pé. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ obìnrin. Wọ́n tún fẹ́ kí n gba èyí tó yára jù ú lọ, owó rẹ̀ ga, mo ní rárá. UHS-I, ìyẹn irú ìyára káàdì kan, ni Switch yẹn mọ̀. Èyí tó bá yára ju ìyẹn lọ, kò ní jẹ́ kó sáré sí i.

Ẹ̀rọ tí o fi ránṣẹ́ náà, irú èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 2017 ni. 32GB péré ni àyè inú rẹ̀, ètò ẹ̀rọ sì ti jẹ nínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní OLED tó jáde ní 2021 ló ní 64GB. Gẹ́ẹ̀mù wà tó jẹ́ pé òun nìkan ju 32GB lọ, nítorí náà o ò jẹ̀bi bí o ṣe ní kí a ra káàdì. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ, lábẹ́ ẹsẹ̀ tó fi máa ń dúró, ni wọ́n ti ń kì í bọ̀. Bí mo ṣe kì í bọ̀ ló ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ohun kan látorí íńtánẹ́ẹ̀tì kí òun tó lè lo irú káàdì tó bá ju 32GB lọ. Dátà fóònù mi ni mo fi ṣe é. Kọ ìyẹn náà sínú owó bàtà.

Ohun kan tí mo sọ fún àbúrò rẹ, kí ìwọ náà gbọ́: kí ẹnikẹ́ni má lọ ra káàdì kékeré mìíràn pé òun á máa pààrọ̀ wọn. Switch kì í da ẹrù káàdì méjì pọ̀. Bí èyí bá kún, kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kó o sórí èyí tó tóbi jù ú lọ. Tàbí kí wọ́n kàn pa gẹ́ẹ̀mù tí ọmọ ti fi sílẹ̀ rẹ́. Bó bá tún wù ú, á tún un gbà, kò ní sanwó lẹ́ẹ̀kejì.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́, pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé bí káàdì bá bàjẹ́, ibi tí ọmọ bá eré dé á lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. PS2, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù Sony tí a ń lò látijọ́, lo ṣì ń rò. Nínú Switch, gẹ́ẹ̀mù tí wọ́n gbà látorí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń lọ sórí káàdì, pẹ̀lú fọ́tò àti fídíò. Ibi tí eré dé, inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń gbé. Káàdì lè jóná lónìí, kí ọmọ máa bá eré rẹ̀ lọ lọ́la. Ẹ̀rọ ni kí wọ́n má jẹ́ kó sọnù. Bí o bá fẹ́ kí ọkàn rẹ balẹ̀ pátápátá, san owó Nintendo Switch Online fún un, á máa fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo gẹ́ẹ̀mù ló gbà fún un.

Bí àwọn ìbejì bá sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu nítorí Switch 2 tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2025, irú káàdì yìí kò ní wúlò fún gẹ́ẹ̀mù wọn. microSD Express, irú káàdì tuntun tó yára ju èyí lọ, ni ìyẹn ń lò. Wò ó dáadáa lára páálí kó o tó sanwó.

Mo mọ ohun tó kó ẹ̀rù sí ọ lára ṣá. Ṣé o rántí yàrá wa ní South Gate, FUTA? O ti gba ife mẹ́ta nínú Master League gẹ́ẹ̀mù bọ́ọ̀lù wa, o ń sééfù ibi tí eré dé lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ tó ní kí a má yọ káàdì ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n, iná bá já. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ ní sééfù náà ti bàjẹ́. O ò jẹ àmàlà tí mo rò lálẹ́ ọjọ́ náà, o doríkodò bí ẹni tí wọ́n lé kúrò ní fásitì. Káàdì fúnra rẹ̀ kò nílò iná láti rántí nǹkan, àmọ́ bí iná bá já níbi tó ti ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ.

PS2 náà ṣì wà ní pálọ̀ mi o. Àwọn ọmọ mi ti gbà á lọ́wọ́ mi. Káàdì tí a jọ ń lò ló ti ń ṣe ségesège; bí a bá kì í bọ̀, nígbà mìíràn ẹ̀rọ á rí i, nígbà mìíràn á ní kò sí káàdì. Mo fẹ́ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí òmíràn kó tó kú pátápátá. Ihò méjì ló wà níwájú ẹ̀rọ: ti àtijọ́ lápá kan, tuntun lápá kejì, kí n dà á kọ. Àmọ́ èwo ni mo fẹ́ rà? 64MB ni wọ́n ń tà káàkiri níbí, wọ́n ní ó tóbi ju 8MB lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ti fi ètò kan tí wọ́n ń pè ní Free McBoot sí i fún àwọn tí lẹ́ǹsì ẹ̀rọ wọn ti kú, kí wọ́n lè máa fi flash gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ò fẹ́ ìyẹn. 8MB ni Sony fúnra wọn ṣe fún PS2. Gẹ́ẹ̀mù kan á bá 64MB àwọn wọ̀nyí ṣe, òmíràn á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, ìgbà tí sééfù rẹ bá ti pọ̀ ni á wá da gbogbo rẹ̀ nù. Sony ti dáwọ́ PS2 dúró láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013. Ẹni tó bá ń ta ojúlówó "tuntun" fún mi lónìí ní láti sọ ibi tó ti rí i.

Lọ́dọ̀ yín ló ti lè rọrùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n tà lé ní 150 mílíọ̀nù, káàdì rẹ̀ á ṣì wà nínú àpótí àwọn èèyàn. Bá mi wo àwọn ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta àlòkù. Dúdú ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n kọ 8MB àti MagicGate sí i lára, SCPH-10020 sì ni nọ́ńbà rẹ̀. Má ṣì í mú ti PlayStation àkọ́kọ́, wọ́n jọra, inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n sì máa ń kó wọn sí. Ìyẹn ò ju 128KB lọ. PS2 á gbà á wọlé, àmọ́ gẹ́ẹ̀mù PS2 kò ní fi nǹkan kan pamọ́ sí i. Bí o bá rí méjì, ra méjì.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ń bọ̀ láti Toronto ní Dìsẹ́ńbà, n ó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Owó tó kù nínú èyí tí o fi ránṣẹ́ wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ pẹ̀lú rìsíìtì. N kò tíì yọ owó bàtà.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì.

Èmi ni,
Àkàndé.