Àárín gan-an ni ihò yẹn wà

Parakin, Ilé-Ifẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Báwo ni gbogbo yín níbẹ̀ yẹn? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́, òtútù Jámánì ò tíì pa yín fún wa ṣá? Àwa wà o. Mo gbọ́ fóìsì tó o ṣe, o ní ṣé mò ń bínú ni. Inú wo ni mo fẹ́ bí, aṣọ ìsìnkú kan ló dè mí mọ́lẹ̀, èèyàn mẹ́rìndínlógójì, aṣọ ẹbí kan náà, sítáì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí kálukú wọn sì ń fẹ́ kí tòun kọ́kọ́ jáde. Àná ni mo rán èyí tó kẹ́yìn tán. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ, torí ọ̀rọ̀ pọ̀, data ò pọ̀.

O rántí Poirot, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ìtàn, bàbá kúkúrú ará Belgium tí orí ẹ̀ rí bí ẹyin, tó ń fi irunmú yangàn, tó o máa ń fi tọ́ọ̀ṣì kà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì títí mátíróònù fi gba tọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́wọ́ ẹ? Mo rí èyí tó gbẹ̀yìn nínú ìwé ẹ̀, Curtain, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ ní Mayfair, Ifẹ̀ níbí. Ibẹ̀ ló ti kú. Agatha Christie, obìnrin tó ń kọ ìtàn Poirot, ti kọ ọ́ tipẹ́, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó lọ fi pamọ́, 1975 ló tó jẹ́ kó jáde, nígbà tó sì di January 1976 òun náà kú. Ṣé o mọ̀ pé New York Times gbé ikú Poirot sójú ewé àkọ́kọ́ ní August 1975 bí ìgbà tí èèyàn gidi kú? Tísà ló sọ fún wa, Tísà tó fẹ̀yìntì, tó ń gbé lójúlé kejì sí sọ́ọ̀bù mi, tó máa ń wá ka ìwé ìròyìn lórí bẹ́ǹṣì mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ìwé yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ nìyẹn. Èmi kọ́kọ́ kà á, Tísà gbà á, Ìyá Ìbejì alákàrà gbà á (òróró ti wà lójú ewé ogójì ó lé báyìí), ó dé ọwọ́ ọmọkùnrin tó gba yàrá lẹ́yìn ilé wa, tó ń kọ́ ìmọ̀ oògùn ní OAU, tá à ń pè ní Dókítà bó tilẹ̀ ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé òun kì í ṣe dókítà.

Ohun tá ò mọ̀ ni pé ìwé yẹn ò pé! Ẹ̀yìn ẹ̀ ti já lọ, bí ewé ogún. Wọ́n bá Norton, ọ̀kan nínú àwọn àlejò ilé inú ìtàn náà, nínú yàrá tó tì pa, ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀, kọ́kọ́rọ́ nínú àpò aṣọ ẹ̀, wọ́n ní ó pa ara ẹ̀ ni. Poirot náà kú sórí bẹ́ẹ̀dì, àìsàn ọkàn. Ó tán. A rò pé bó ṣe parí nìyẹn, la bá bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Àbẹ̀kẹ́, o ò gbọ́ ariwo rí. Tísà ní ìwọ̀sí ni, ó ní ọkùnrin tó fi ìwé 33 mú ọ̀daràn, ẹ wá jẹ́ kó kú bí adìyẹ tó kú sábẹ́ àga, kò tiẹ̀ dárúkọ ẹnì kankan? Ìyá Ìbejì ní tòun ò kan Poirot, Hastings lòun ń bá jà, ọ̀rẹ́ ẹ̀ yẹn, tó yí tábìlì ìwé po níbi tó ti ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, òun sì fura pé ibẹ̀ ni ife kọfí ti pààrọ̀ àyè, tí obìnrin tó po májèlé fún ọkọ ẹ̀ sì gbé májèlé yẹn mu fúnra ẹ̀. "Ó pààyàn, kò mọ̀ pé òun pààyàn! Ẹran ni." Dókítà ní tiẹ̀, májèlé yẹn nìkan ló rí. Ó ní láti ara èso Kàlàbá ló ti wá, Kàlàbá tiwa níbí o, èso táwọn ará ibẹ̀ máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn jẹ láyé àtijọ́ láti mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi, ó ní oògùn tí wọ́n yọ nínú ẹ̀ náà ni wọ́n fi máa ń tọ́jú àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma nígbà kan. Gbogbo ìrìn tí èso yẹn rìn dé inú ìwé òyìnbó, ó dùn mọ́ ọn ju ìwé lọ.

Èmi wá sọ tèmi. Mo ní ẹ padà sójú ewé tí wọ́n ti rí òkú Norton, kí ni wọ́n kọ nípa ihò ọta? Wọ́n ní àárín iwájú orí gan-an ló wà. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi, mo fa téèpù láti ẹ̀bátí kan dé èkejì, mo pín in sí méjì, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Mo ní kó fi ìka ṣe ìbọn kó yìn ín síbẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ wọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe é, kò bọ́ sójú ṣọ́ọ̀kì. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ pa ara ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ orí ló máa gbé e sí, ta ló ń wọ̀n ọ́n? Ẹni tó fi ihò sí àárín géérégé bí ẹni ń sàmì bọ́tìnnì ni ẹni tí ara ẹ̀ ò lè gbà kí nǹkan wọ́. Ta sì ni ẹni tí kì í lè jẹun bí ẹyin méjì tó wà níwájú ẹ̀ ò bá dọ́gba?

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Tísà ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti ń gùn mí.

Dókítà ló wá ewé tó kù jáde lórí fóònù. Iná ti lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń kà á, Ìyá Ìbejì gbàgbé ẹ̀wà tó rẹ. Lẹ́tà ni Poirot fi sílẹ̀ fún Hastings, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó kú ló tó dé ọwọ́ ẹ̀. Poirot fúnra ẹ̀ ló yìnbọn pa Norton! Irunmú yẹn gan-an, àtọwọ́dá ni, wíìgì ló dé sórí, ẹsẹ̀ tó ní òun ò lè fi rìn mọ́, irọ́ ni. Mo dìde, mo jó yí máṣìnnì mi ká. Tísà ò bá mi rẹ́rìn-ín. Inú tiẹ̀ tún wá bà jẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ní òun fi Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé Àjà ló lẹrù, kọ́ ọmọ ní sẹ́kọ́ńdírì fún ọdún gbọọrọ, kò sígbà tóun sọ fún wọn pé iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni kó pààyàn.

Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Norton yẹn, Àbẹ̀kẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Èèyàn jẹ́jẹ́, kò lè rí ẹ̀jẹ̀, awò tó fi ń wo ẹyẹ ló máa ń gbé kọ́rùn. Kò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí. Ẹnu ló fi ń ti àwọn ẹlòmíì láti pààyàn. Ó ta ọkọ kan lábẹ́rẹ́ ọ̀rọ̀ títí ìyẹn fi yìnbọn lu ìyàwó ẹ̀ tó ní ehoro lòun rí (obìnrin yẹn ò kú ṣá). Ta ló fẹ́ fi ẹjọ́ irú ẹ̀ sùn, kí lo máa sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá?

Mi ò tíì sọ fún ẹ nípa ìjà tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa lọ́dún tó kọjá. Ẹni yàrá kẹta ni. Ó lọ bá èkíní, "èmi ò sọ nǹkan kan o, àmọ́ owó omi yẹn, ẹ bi ẹnìkejì yín." Ó lọ bá èkejì, "èmi ò sọ nǹkan kan o." Ohùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Wọ́n fi ọmọ odó bá ara wọn ní ẹ̀bá kànga, apá ẹnì kan ṣẹ́, òun náà ló sáré lọ ra omi tútù wá, tó ń pàrọwà, tí láńlọ́ọ̀dù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò ní kí wọ́n yìnbọn fún un o! Mo kàn ń sọ pé mi ò lè bínú sí Poirot tó bí Tísà ṣe ń bínú.

Ohun tó dùn mí ni ti Hastings. Ọ̀rẹ́ láti ọdún yìí wá, o wá jẹ́ kó máa sunkún fún oṣù mẹ́rin láìmọ̀dí? Kò dáa. Àárín ìwé náà sì fà, èrò pọ̀ jù nínú ilé yẹn, mo ń kọ orúkọ wọn sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n aṣọ kí n má bàa ṣì wọ́n mú.

Jọ̀ọ́, tó o bá rí èyí tó pé lọ́hùn-ún, fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ ní December. Tísà ní òun ò gba ohun tí wọ́n kà lórí fóònù gbọ́, òun fẹ́ fọwọ́ òun ṣí ewé yẹn.

Hẹn, mo fẹ́ gbàgbé. Alẹ́ ọjọ́ tá à ń kà á yẹn, ẹni yàrá kẹta yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti férémù, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ̀ ń kà tó dùn tó báyìí?" Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá Ìbejì ló dá a lóhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè:

"Ìwé nípa ẹyẹ ni."

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni tìẹ,
Àdùkẹ́