Lẹ́tà sí Àkànbí: Òkun Kì í Ṣe Ọ̀sà

Àkànbí ọmọ mi,

Àsàlámù aleikun. Ara gbogbo wa le níbí. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí láràárọ̀, mo sọ̀rọ̀ títí kò wọ̀ wọ́n létí. Àbúrò rẹ ti parí ìdánwò WAEC. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ. Páànù ẹ̀yìnkùlé tún ti ń jò, báàfù la fi ń gbe omi rẹ̀. Owó tí o ní wàá fi ránṣẹ́ fún un, a ò rí i, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé.

Tìtorí àwòrán ni. Ọmọ ìyá tó ń ta edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní ọjà Olúwo ló fi hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Ó rò pé inú mi máa dùn. “Màmá, ẹ wo bọ̀ọ̀dá bí wọ́n ṣe ń jayé!” Mo wò ó. Ìwọ ni mo rí lóòótọ́. O dúró sí etí ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ ń sáré, omi ń ta sókè lẹ́yìn rẹ, o na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fò, kò sì sí láífù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì sómi, lára rẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun lásán ni o wọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó jókòó, kò sí lára tiwọn náà. Ọmọ yẹn ní etíkun Ilaṣẹ lẹ ń lọ, ó ní ẹ kì í sinmi ilé mọ́ lópin ọ̀sẹ̀, pé bí ẹ ò bá lọ sí Ilaṣẹ, ẹ ó lọ sí ti Tarkwa Bay.

Àkànbí, o kò mọ odò wẹ̀.

Ọjọ́ ọdún Káyókáyó ni wọ́n ya àwòrán yẹn. Mo bi ọmọ náà, ó sì fi déètì rẹ̀ hàn mí. Ìwọ lo pè mí pé iṣẹ́ ọ́fíìsì kò ní jẹ́ kí o wá. Mo ti se ìrẹsì, mo ti tọ́jú ẹja àrọ̀ ńlá sílẹ̀ fún ọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ gẹṣin, wọ́n wọ aṣọ ẹbí, gbogbo èèyàn ń bi mí léèrè rẹ, mo ń sọ pé iṣẹ́ ni. Ìwọ ọmọ Èkó-Ẹ̀pẹ́! Àwọn baba ńlá rẹ ló bá Ọba Kòsọ́kọ́ gba ojú omi wá síbí ní 1851, nígbà tí àwọn Òyìnbó fi àgbá lé e kúrò l'Ékòó. Bíbọ̀ wọn yẹn la ṣe ń ṣe Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá. Ó dùn mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní o wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì nínú àwòrán yẹn ni, mo lè gbé ọ̀rọ̀ Káyókáyó mì.

Mi ò ní kí o má jáde o. Mo mọ bí Èkó ṣe rí. Kí èèyàn kúrò ní Ajah kí ilẹ̀ tó mọ́, kó padà sílé nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ojú onítọ̀hún á máa wá ibi tí kò ti ní gbọ́ fèrè mọ́tò. Omi sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Mo rí àwọn ará Èkó tó ń wá sọ́dọ̀ wa níbí ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n á wá ra ẹja ní Olúwo, wọ́n á dúró sí etí ọ̀sà, wọ́n á kàn máa wo omi láìsọ̀rọ̀. Àánú wọn máa ń ṣe mí. Mo máa ń rò ó pé ọmọ tèmi náà wà l'Ékòó báyìí, ó rẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀sà ni wọ́n ń wò níbí. Òkun kì í ṣe ọ̀sà. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sí Ilaṣẹ, inú ọ̀sà lọkọ̀ yín ń gbà, omi á tutù, ọkàn yín á balẹ̀. Ẹ ó sọ̀kalẹ̀, ẹ ó la iyanrìn kọjá sí òdì kejì, òkun gbalasa rèé tí kò ní odi kankan. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Tarkwa Bay rí, nítorí òkúta tí wọ́n kó sí ẹnu òkun kí ọkọ̀ ńlá lè wọ Èkó ló ń gba ìgbì dúró fún un. Bí o bá gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan òkun, ibẹ̀ sàn ju Ilaṣẹ lọ. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, má dé inú omi Ilaṣẹ rárá, ì báà mọ ní orúnkún. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Èyí tí ń pa èèyàn jù níbẹ̀ kì í ṣe ìgbì tí ojú ń rí. Omi tó wá gbá etíkun, ó ní ojú ọ̀nà tó ń gbà padà, ibẹ̀ á dà bíi pé ó parọ́rọ́, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ibẹ̀ ló dáa jù. Yóò gbé e lẹ́sẹ̀, yóò máa fà á lọ sínú. Àwọn apẹja ní bó bá ń fa èèyàn, kó má bá a jà. Kó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ lọ títí omi á fi dẹ̀ ẹ́, kó tó kọjú sí èbúté. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ nìyẹn. Ìwọ ńkọ́? Kí o dùbúlẹ̀ lórí omi, kí o gbé ọwọ́ sókè kí wọ́n lè rí ọ. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Wàá ní, “Màmá, ta ni kò jẹ́ kí n mọ odò wẹ̀?”

Èmi ni.

Àbúrò mi ọkùnrin tí wọ́n ń pè ọ́ ní àtúnwá rẹ̀, bàbá rẹ sọ fún ọ pé àìsàn ló pa á. Irọ́ ni, èmi ni mo ní kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjà Ejìnrìn ló ti ń bọ̀ lálẹ́. Ẹrù pọ̀ lọ́kọ̀, èrò pọ̀, ọkọ̀ gbá igi tó wà lábẹ́ omi, ó sì dojú dé. Àbúrò mi mọ odò wẹ̀ ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Inú òkùnkùn ni, ọkọ̀ sì dé e mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láífù jákẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Láti ìgbà náà ni mo ti gbà lọ́kàn mi pé àwọn tó mọ odò wẹ̀ ni omi ń tàn jẹ, pé bí ọmọ tèmi kò bá ti mọ̀ ọ́n, kò ní sún mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi ń nà ọ́ nìyẹn nígbà tí o bá tẹ̀lé àwọn ọmọ yòókù lọ sí etí omi. O rántí pàṣán yẹn. Bàbá mi bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí àwọn kọ́ ọ, mo kọ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ etí omi tí kò mọ odò wẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ń fi í fún omi.” Mo bínú sí wọn fún ọ̀rọ̀ yẹn, a ò sọ̀rọ̀ dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ti lọ báyìí, mi ò sì lè sọ fún wọn pé wọ́n jàre.

Nítorí náà má jẹ́ kí n máa pàṣẹ fún ọ bíi pé ọwọ́ mi mọ́. Mò ń bẹ̀ ọ́ ni.

Bí wọ́n bá fún ọ ní láífù jákẹ́ẹ̀tì ní jẹ́tì, ní èbúté tí ẹ ti ń wọkọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò. Òmíràn ti ya, fóòmù inú rẹ̀ ti rún, ìdè rẹ̀ ti já. Ra tìrẹ. Má fi í lé ẹsẹ̀, má fi í ṣe ìrọ̀rí, wọ̀ ọ́, kí o sì so gbogbo ìdè rẹ̀ kí ẹ tó kúrò ní èbúté. Ìjọba Èkó ti sọ ọ́ di òfin, wọ́n sì ti fòfin de ọkọ̀ ojú omi lálẹ́. Bí ọtí àti orin bá mú kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, sùn síbẹ̀. Bí èrò bá pọ̀ jù, sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Jókòó sí àárín. Tìtorí Ọlọ́run, má dìde dúró nítorí àwòrán mọ́.

Bí ìrìn àjò lo sì ń fẹ́, ṣé Ilaṣẹ nìkan ló wà ni? Mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ sí Àgbádárìgì. Ẹgbẹ́ obìnrin mọ́ṣáláṣí wa lọ, ó ṣì ń ṣe mí bíi kí n padà síbẹ̀. A rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, a dé ọjà Vlekete tí wọ́n ti ń ta èèyàn, wọ́n wá fi ọkọ̀ gbé wa sọdá sí Gberefu. A fẹsẹ̀ rin iyanrìn dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ojú Àìpadàbọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ya fọ́tò, èmi ò lè sọ̀rọ̀. Mo ń rò ó pé ìyá kọ̀ọ̀kan wà nínú ìgbèríko níbì kan tí kò mọ̀ rárá pé etí omi yìí ni ọmọ òun wà. Ìwọ náà, etí omi lo wà, o ní ọ́fíìsì lo wà. Bí o bá ń lọ, sọ fún mi. Mi ò ní dí ọ lọ́wọ́. Orúkọ jẹ́tì, aago tí ẹ ń lọ, aago tí ẹ ń padà, kò ju ìyẹn lọ. Bí o bá dé, fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́, kí n lè sùn.

Owó páànù yẹn, má fi ránṣẹ́ mọ́. Lọ fi ra láífù jákẹ́ẹ̀tì. Òjò ò pa wá.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Mo ti lọ rí Bàbá apẹja tó bá bàbá mi ṣiṣẹ́ nígbà ayé wọn. Wọ́n ti dàgbà, ṣùgbọ́n àwọn ṣì ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní odò wíwẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àgbàlagbà ń kọ́ ọ náà, wọ́n ní kí o wá ní Sátidé tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, kí omi tó gbóná. Wọlé ní Fúráídè, kí o sì tètè kúrò nílé, gósílóò pọ̀ lọ́nà. Mú ṣòkòtò péńpé wá. Bàbá ní ibi tí omi ti mọ ní àyà lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Èmi náà á wà níbẹ̀, mi ò ní gbé pàṣán dání.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ẹ̀pẹ́.